Táì ṣẹ́dà tó rún: bí ẹ ṣe lè tún un ṣe láì fi áyọ́ọ̀nù bà á jẹ́

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìbéèrè yìí máa ń dé jù. Ẹnì kan ń lọ ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́la. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Gbogbo wọn á fa táì jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, wọ́n á rí i pé ó ti rún bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ kù, wọ́n á wá tẹ̀ mí láago: "Ẹ gbà mí o, ṣé kí n kàn lọ̀ ọ́ ni?"

Rárá o. Ata là ń lọ̀. Ẹ̀wà là ń lọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì náà, a lè lọ̀ ọ́. Táì ṣẹ́dà kò sí lára ohun tí à ń lọ̀. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Táì tí rírún bà jẹ́ tí mo ti rí kò tó ìka ọwọ́ kan. Èyí tí áyọ́ọ̀nù bà jẹ́, mi ò lè kà á tán. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́rin ni mo máa tò síbí, mo sì fi áyọ́ọ̀nù sí ìkẹyìn, torí ibẹ̀ náà ló yẹ ẹ́.

## Bí ẹ bá ń kánjú

- Bí ilẹ̀ ṣì máa mọ́ kí ẹ tó lò ó: Ọ̀nà 1, tí kò bá sì tó, Ọ̀nà 2.
- Bó bá ku wákàtí méjì: Ọ̀nà 3.
- Bí mọ́tò bá ti ń fọn fèrè níta: ẹ wọ táì mìíràn. Mi ò ṣeré. Táì tí ẹ fi ooru sí tí kò tíì gbẹ, bí ẹ bá so ó mọ́rùn, kókó yẹn á fi ìlà sí i lára tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ dojú táì náà dé orí tábìlì, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn gígùn kan ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn táì tó dára láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kì í fà á le. Ní ìparí rẹ̀, nínú ibi tó fẹ̀, ẹ lè rí okùn kékeré kan tó ká bí òrùka. Àwọn kan á rò pé òwú tó yọ ni, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ẹ má gé e o. Okùn yẹn ló ń jẹ́ kí táì nà díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń so ó, kó sì padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tú u. Ẹ gé e tán, ẹ̀yìn táì bẹ̀rẹ̀ sí í ya nìyẹn.

Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, aṣọ kan tún wà tó nípọn, irun àgùntàn tàbí òwú ló sábà máa ń jẹ́. Òun ló fún táì lára. Ṣẹ́dà òde náà, ìdagẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gé e, ohun tí àwọn télọ̀ ń pè ní báyáàsì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń nà tí ẹ bá fà á. Ẹ wá wo etí rẹ̀. Etí táì kì í mú bí etí ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó wú díẹ̀, ó rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ ẹní po tí kò tíì jókòó lé e.

Áyọ́ọ̀nù máa ń tẹ etí yẹn pa. Á tẹ aṣọ inú yẹn pẹlẹbẹ, á sì ti ojú rírán tó wà lẹ́yìn jáde sí iwájú. Táì á wá rí bí ìgbànú tí wọ́n fi páálí gé.

Ooru omi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn ṣẹ́dà máa ń fa ọ̀rinrin mu. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, á rọ̀, ibi tó ká kò á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wá ń gbẹ, bó bá ṣe wà nígbà yẹn náà ló ṣe máa dúró. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ: ẹ fún un ní ọ̀rinrin díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ ní títọ́.

## Ṣé ṣẹ́dà ni lóòótọ́?

Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tó bá ti ń dán ni à ń pè ní sílíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, pọ́lísítà ni. Ẹ wo àkọlé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Táì òkìríkà lè má kọ Silk rárá. Èyí tó bá wá láti Ítálì lè kọ Seta, ti Faransé á kọ Soie, ti Jámánì á kọ Seide. Ṣẹ́dà ni gbogbo wọn.

Bí àkọlé bá ti já, ẹ fa ẹyọ òwú kan láti inú ìṣẹ́po ẹ̀yìn, kí ẹ fi ìṣáná sí i lórí àwo. Ṣẹ́dà á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lábẹ́ ìka. Pọ́lísítà á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle. Ẹyọ òwú kan ni mo wí, ẹ má lọ fi iná sí táì o.

Ẹni tó bá ní sányán ìdílé nílé ti mọ irú aṣọ tí à ń sọ, torí okùn inú ilé kòkòrò ni wọ́n fi ń hun òun náà. Ẹ kò jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù tó ń jó fòfò lé sányán bàbá yín. Ẹ má gbé e lé táì.

Bó bá jẹ́ pọ́lísítà ni tiyín, Ọ̀nà 2 àti 3 ṣiṣẹ́ fún un bákan náà. Àfi pé omi kì í fi àmì sí i lára bíi ti ṣẹ́dà.

## Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Hángà tó nípọn, onípákó tàbí oníke. Ti wáyà máa ń fi ìlà tirẹ̀ sára aṣọ.
- Aṣọ ìnura funfun kan, àti aṣọ ìnujú funfun tó mọ́.
- Kẹ́tùlù tàbí ìkòkò, àti korobá tó lágbára.
- Omi inú ọ̀rá, bó bá jẹ́ stíímà, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń tú ooru omi sí aṣọ, lẹ máa lò. Omi kànga mìíràn ní ìpẹtà àti ẹfun nínú, ẹnu stíímà á sì tú u dà sórí táì.
- Ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ni èyí le jù: èèyàn á ti fi òrí pa ọwọ́ tán, á wá gbá táì mú.

## Kí ooru tó kàn án, ẹ wá àbàwọ́n

Ẹ gbé táì lọ sí ojú fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àbàwọ́n tí ooru bá lù máa ń dì mọ́ aṣọ, yíyọ rẹ̀ á sì di ogun. Àwa ará Èkìtì mọ ohun tí mò ń sọ: iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kì í mọ̀ pé èèyàn wọ táì.

Bó bá jẹ́ epo:

1. Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, kí ó fa èyí tó bá lè fà. Ẹ má ra á.
2. Ẹ bu páúdà ọmọdé tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo tó kúnná lé e, kó bò ó dáadáa.
3. Ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì.
4. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù.

Bí àmì náà bá ṣì wà, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ fo gbogbo ọ̀nà tó kù, kí ẹ lọ sí ìpín tó kẹ́yìn ìwé yìí. Lọ́jọ́ mìíràn, kí oúnjẹ tó dé iwájú yín, ẹ ki táì bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì láàárín bọ́tìnnì kejì àti ìkẹta.

## Ọ̀nà 1: Ẹ jẹ́ kó sinmi

1. Ẹ tú kókó rẹ̀ pátápátá.
2. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nà án jẹ́jẹ́ láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tín-ín-rín, kí ẹ ká a bí ẹní títí dé ibi tó fẹ̀. Kó má le. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ àárín rẹ̀.
4. Ẹ fi sínú ife tó gbẹ tàbí sí kọ̀rọ̀ kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù di ọjọ́ kejì.
5. Ẹ tú u, kí ẹ fi kọ́ hángà.

Bó bá jẹ́ kókó àná nìkan ló fi ìlà sí i, èyí ti tó lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, torí kò jọ iṣẹ́. Ẹ dán an wò.

Táì híhun, èyí tí ojú rẹ̀ rí bíi ti súwẹ́tà, kíká nìkan ni tirẹ̀. Ẹ má fi kọ́ rárá, á máa gùn sí i ni.

## Ọ̀nà 2: Ooru inú balùwẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ń kọ irú ìtọ́sọ́nà yìí lókè òkun á ní kí ẹ ṣí omi gbígbóná inú ṣáwà. Ilé mélòó lọ́dọ̀ wa ló ní in? Korobá ni tiwa, ó sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

1. Ẹ ti fèrèsé balùwẹ̀, kí ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ balùwẹ̀ ìta tí kò ní òrùlé, ẹ lo yàrá kékeré kan.
2. Ẹ fi táì kọ́ hángà, kí ẹ so hángà mọ́ ìṣó tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kó jìnnà sí korobá tó ìwọ̀n apá kan, kó má sì fara kan ògiri. Ẹ wo àjà lókè pẹ̀lú: ibi tí omi bá ti lè kán láti òkè, táì kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ rẹ̀.
3. Ẹ se omi títí yóò fi hó kùtùkùtù, ìdajì korobá ti tó. Ẹ dà á sí korobá. Korobá oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè yọ́, ẹ lo onírin tàbí èyí tó nípọn.
4. Ẹ jáde, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má máa ṣí i wò. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ooru ti lọ.
5. Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ kí ẹ tó wọlé. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ táì mú fẹ́rẹ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kejì rá a láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má fà á.
6. Ẹ gbé e lọ sí yàrá tí atẹ́gùn wà, tí oòrùn kò ti tàn sí i. Kó wà lórí hángà títí yóò fi gbẹ.

Níbi ìgbésẹ̀ karùn-ún yẹn, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ wò ó. Ìlà tó ti dúró gan-an bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ rá a lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì wà. Ẹ rá a lẹ́ẹ̀kejì, ojú ṣì rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Èyí tó kù á bá gbígbẹ lọ. Ẹni tó bá ní dandan ni kó rí i kó tán lójú ẹsẹ̀ ló máa ń fa táì ya.

Ìkìlọ̀: korobá omi híhó àti ọmọdé kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan náà láìsí àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá ti mú táì jáde, ẹ po omi náà pọ̀ mọ́ omi tútù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi wẹ̀. Kò sí ìdí láti fi gáàsì ṣòfò.

Ní àsìkò ọyẹ́, wákàtí méjì sí mẹ́ta, táì ti gbẹ. Àsìkò òjò yàtọ̀. Ẹni tó ń gbé orí òkè ní Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé oṣù Keje kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó lo òru kan gbáko lórí hángà. Bí ẹ bá dá a padà sí àpótí pẹ̀lú ọ̀rinrin, á hu ohun funfun bíi ti búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò bọ̀rọ̀.

Bí ìlà kan bá ṣì ṣorí kunkun, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó.

## Ọ̀nà 3: Kẹ́tùlù tàbí stíímà

Èyí yá ju ti balùwẹ̀ lọ, ewu rẹ̀ náà sì jù ú lọ, fún táì àti fún ìka yín.

Pẹ̀lú kẹ́tùlù tàbí ìkòkò:

1. Ẹ jẹ́ kí omi hó títí ooru fi ń jáde gbọ̀ọ̀rọ̀.
2. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táì mú ní ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ooru.
3. Kó jìnnà sí ẹnu kẹ́tùlù tó sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn gígùn rúlà ọmọ iléèwé.
4. Ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Ojú kan kò gbọdọ̀ dúró nínú ooru ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.
5. Ẹ yí ojú rẹ̀ padà, kí ẹ tún un ṣe.
6. Ẹ fi kọ́ hángà, kí ẹ rá a bíi ti Ọ̀nà 2, kó sì gbẹ fún wákàtí kan ó kéré tán.

Kẹ́tùlù oníná máa ń pa ara rẹ̀ bí omi bá ti hó. Àwọn kan á ṣí ìdérí rẹ̀ kí ó má baà pa. Ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi á gbẹ tán, á jó. Bí iná bá ti lọ tó jẹ́ èédú lẹ ń dá, ẹ se omi náà níta kí ẹ gbé ìkòkò wọlé, torí èéfín àti eérú èédú á bà lé táì kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Pẹ̀lú stíímà ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ àkísà fún ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń tu omi ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán omi méjì péré sì ti tó láti fi àmì sára ṣẹ́dà. Lẹ́yìn náà, kó jìnnà sí táì tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí orí rẹ̀ má fara kan aṣọ rárá.

## Ọ̀nà 4: Áyọ́ọ̀nù, bó bá di dandan

Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí, oníbàárà kan kó aṣọ wá, táì kan sì wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ wáìnì. Ti bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni, òun náà fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó. Mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, áyọ́ọ̀nù ṣì gbóná, mo kàn gbé e lé táì náà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ibẹ̀ ń dán bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí, ojú rírán ẹ̀yìn sì ti yọ síwájú bí egungun ẹ̀yìn ẹja. Mo fi ooru sí i, mo fọwọ́ rá a, kò lọ. Mo ní kí n san owó rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò bá mi jà. Ó kàn ká táì náà, ó fi sápò, ó lọ. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bá mi jà.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí rèé. Títẹ̀ ni, kì í ṣe lílọ̀.

1. Ẹ gé páálí fẹ́lẹ́ kan, bíi ti kọnfiléèkì, kó rí bí ibi tó fẹ̀ lára táì, ṣùgbọ́n kó kéré sí i díẹ̀ yíká. Ẹ gé igun rẹ̀ kó má mú. Ẹ fi aṣọ funfun wé e, torí yíǹkì ara páálí lè bú sí ṣẹ́dà.
2. Ẹ ti páálí náà bọ inú táì láti ìsàlẹ̀, kó wà láàárín iwájú àti ojú rírán ẹ̀yìn. Ibi tó bá ti há, ẹ dúró. Òun ni kò ní jẹ́ kí ojú rírán yọ síwájú.
3. Ẹ da omi inú áyọ́ọ̀nù nù. Ẹ yí i sí ibi tí wọ́n kọ Silk sí, tàbí sí dọ́ọ̀tì kan. Dọ́ọ̀tì kan kò gbọdọ̀ ju 110°C lọ, méjì jẹ́ 150°C, mẹ́ta jẹ́ 200°C. Áyọ́ọ̀nù tó ti gbó kì í sọ òótọ́, ẹ fi aṣọ ìnujú dán an wò ná.
4. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, kí ẹ dojú táì dé e.
5. Ẹ rẹ aṣọ ìnujú funfun, kí ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn táì.
6. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ẹ ka ení, èjì, ẹ gbé e kúrò. Ẹ sún sí ibi tó kàn. Ẹ má fà á lọ fà á bọ̀.
7. Ẹ jìnnà sí etí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan lọ́tùn-ún àti lósì.
8. Ẹ yọ páálí, ẹ fi táì kọ́ hángà.

Bí etí rẹ̀ bá ti pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀, ẹ gbé etí náà sí ooru kẹ́tùlù bíi ti Ọ̀nà 3, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí i jẹ́jẹ́ bó ṣe ń tutù. Á wú padà díẹ̀. Ibi tó bá ti ń dán nítorí iná, ìyẹn kò ní padà.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ńkọ́? Kò sí bí ẹ ṣe lè dín ooru rẹ̀ kù sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ̀ta iná kan sì lè fò jáde nínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún aṣọ mìíràn.

## Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí

- Wíwọ́n omi sí i. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú là ń wọ́n omi sí. Lára ṣẹ́dà, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan á fi òrùka sílẹ̀.
- Fífi sábẹ́ mátíráàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ni èyí. Rírún á lọ lóòótọ́, etí táì náà á sì bá a lọ.
- Sítáàṣì. Ẹ jọ̀ọ́.
- Fífọ̀ ọ́ nínú omi. Àwọ̀ lè bú, aṣọ inú lè sún kì, tí òde kò sì sún kì bákan náà. Táì á lọ́ bí okùn. Bílíìṣì ní tirẹ̀ máa ń jẹ ṣẹ́dà run ni.
- Lọ́fínńdà sórí táì. Ẹ fi sí ara, kó gbẹ, kí ẹ tó wọ táì.

Bí omi bá ti kán sí i kí ẹ tó ka ibí, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn táì náà fúnra rẹ̀, ṣẹ́dà sí ṣẹ́dà, ra ojú òrùka náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn á lọ. Bí kò bá lọ, Ọ̀nà 2 lè pa á rẹ́ díẹ̀.

## Kókó táì gan-an ni ìyá ìṣòro

Àwọn ọkùnrin kan wà tí ẹlòmíràn bá so táì níbi ìgbéyàwó lọ́dún tó kọjá, tí wọn kò tíì tú u títí di òní. Wọ́n á tú u sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ gba orí, wọ́n á fi kọ́ ìṣó. Nígbà tí àsìkò bá tó, wọ́n á tún ki orí bọ̀ ọ́. Kí ni ooru fẹ́ ṣe fún ìlà ọlọ́dún kan?

Ẹ máa tú u lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka tú kókó náà kó rọ̀, kí ẹ wá máa yọ ọ́ bí ẹ ṣe so ó, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ẹ má fa ibi tó tín-ín-rín yọ gba àárín kókó bí ẹni tó ń fa okùn kànga. Ibẹ̀ ni ojú rírán ti máa ń já. Ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ kan ó kéré tán kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n so, ẹ ní kí ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì kọ́ yín. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ ká a bíi ti Ọ̀nà 1, kí ẹ fi sínú ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́, kí ẹ ki ìbọ̀sẹ̀ náà sínú bàtà nínú báàgì. Bàtà kò ní jẹ́ kí ẹrù tẹ̀ ẹ́.

## Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e fún alágbàfọ̀

Ẹ gbé e jáde bó bá jẹ́:

- àbàwọ́n ni, tí páúdà kò gbé e;
- pé ó lọ́ nígbà tí ẹ fi ibi tó tín-ín-rín gbé e sókè, torí aṣọ inú ló ti yí ìyẹn;
- pé okùn ẹ̀yìn ti já;
- táì tí ẹ kò lè rí irú rẹ̀ mọ́, bíi ti ọkùnrin yẹn.

Kí ẹ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ wí fún un pé: "Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé e tààrà, ẹ má sì tẹ etí rẹ̀." Ẹ fi ojú àbàwọ́n hàn án, kí ẹ sọ ohun tó kán sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun tó fi ń fọ̀ ọ́. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́, nítorí náà mo lè sọ ọ́: ọ̀pọ̀ wa tó kọ Dry Cleaning gàdàgbà sára pátákó, omi àti ọṣẹ là ń lò, a kò ní ẹ̀rọ tó ń fi kẹ́míkà fọ aṣọ. Fún ṣẹ́ẹ̀tì àti agbádá, kò sí wàhálà. Bí ó bá dá yín lóhùn pé omi ni, ẹ kó agbádá sílẹ̀ fún un, kí ẹ mú táì yín dání lọ sílé.